Aṣọ Ẹni Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kanlẹ̀

Nílé Jàfárù oníbúlọ́ọ̀kù ní Ìkọ̀tún, aṣọ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi bora. Kíjìpá ni, ó nípọn, etí rẹ̀ ti ń tú, ìsàlẹ̀ àpótí ló sì máa ń wà, lábẹ́ gbogbo aṣọ Iléyá. Ọyẹ́ ìbáà mú títí kí eyín máa gbá ara wọn, Mọ̀dínátù ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà bèèrè bèèrè títí ó fi sú u. Nùrẹ́nì onítípà ló padà sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kan tó wá já yanrìn, nítorí ẹnu Nùrẹ́nì kì í dilẹ̀, bó bá jẹun tán, ọ̀rọ̀ ló kàn.

Àwọn Ọ̀fà ló fi ìjàkadì lórúkọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní abúlé àwọn Jàfárù lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ìjàkadì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń dá èèyàn níbẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ bá ti kanlẹ̀, ó tán. Bàbá rẹ á wọ inú agbo wá, á da kíjìpá bò ọ́ lórí, á sì mú ọ lọ sílé kí àwọn ọmọge tó fi ọ́ kọrin. Ẹni tí wọ́n bá sì ti da aṣọ bò kò ní í wọ agbo mọ́ láyé. Jàfárù ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin nígbà náà, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, gbogbo abúlé ló gbà pé a ò tíì bí ẹni tó máa dá a. Àṣé wọ́n ti bí i. Nùrẹ́nì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló fẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì gbé e ṣánlẹ̀ gbìì. Bàbá rẹ̀ da aṣọ bò ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Jàfárù fi kó ẹrù wá sí Èkó, aṣọ náà sì bá a wá.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run: Nùrẹ́nì náà tún wá bá a ní Èkó! Owó epo ti dé, gbogbo ẹni tó ní pulọ́ọ̀tì ló ń kọ́lé, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgàndó, ariwo típà ló ń jí èèyàn kí àkùkọ tó kọ. Nùrẹ́nì ń wa típà, Jàfárù ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Báwo ni wọn ò ṣe ní í pàdé? Gbogbo ìgbà tí Nùrẹ́nì bá sì ti já yanrìn tán, ọ̀rọ̀ kan náà ni, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu:

"Jàfárù, báwo lẹ̀yìn?"

Jàfárù á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹlẹ́yà ni, tí èèyàn ń fi ara rẹ̀ rín. Ṣùgbọ́n Mọ̀dínátù tó ń gbé oúnjẹ fún un máa ń rí i pé lọ́jọ́ tí Nùrẹ́nì bá wá, bàbá òun kì í jẹun tán.

Ẹ má wulẹ̀ bèèrè ibi tí Mọ̀dínátù ti kọ́ eré. Ìdí búlọ́ọ̀kù náà ni. Òun ló ń gbé búlọ́ọ̀kù tútù láti ìdí mọ́ọ̀dù lọ síbi tí oòrùn á ti pa á, òun ló sì ń fo orí wọn kọjá bí bàbá rẹ̀ bá yíjú, tí á bẹ́ gìjà sínú òkìtì yanrìn Nùrẹ́nì, tí yanrìn á kún irun rẹ̀ fọ́fọ́. Tíṣà Abraham, olùkọ́ eré ìdárayá nílé-ìwé rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i pé ọmọ yìí kò yára jù, kò ga jù, kò lágbára jù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò lè ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Aládùúrà ni Tíṣà, ọkùnrin tó gùn, tó tín-ín-rín, tí kì í bínú. Ó ní eré kan wà tí òyìnbó ń pè ní pẹntátílọ́ọ̀nù. Eré márùn-ún ni, ẹnì kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: wàá sáré fo igi, wàá ju irin, wàá fò sókè, wàá fò jìnnà, wàá sì fi eré sísá kádìí rẹ̀. Máàkì márààrún ni wọ́n á wá rò pọ̀. Ní Ìkọ̀tún, kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ yẹn kó má gé ahọ́n jẹ, wọ́n bá ń pè é ní Eré Márààrún.

"Ajá tó ń lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀," Nùrẹ́nì wí lọ́jọ́ tó gbọ́. "Ìwọ wá ń lé márùn-ún! Ọmọ Jàfárù, ìyà á jẹ ọ́ o."

"Ẹ ṣáà máa wò mí, sà," Mọ̀dínátù dá a lóhùn, ó gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ó ń lọ.

Lọ́dún 1977, lẹ́yìn tí àlejò jákèjádò ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ti jó Fẹ́sítáàkì tán nílùú Èkó tí wọ́n ti lọ, wọ́n gbé ìdíje Eré Márààrún kalẹ̀ lórí pápá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú níbẹ̀ lọ sí ibùdó àwọn eléré ìpínlẹ̀. Ọ̀kan péré. Mọ̀dínátù fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ. Ìwé mẹ́wàá ń parí lọ́dún náà, ilé-ìwé ń tán, bí wọn ò bá sì mú un, kò tún sí pápá kankan fún un mọ́, ó di ìdí búlọ́ọ̀kù títí ayé nìyẹn. Ó gbàdúrà lórí ẹní ní àsùbáà, Tíṣà Abraham náà gbàdúrà tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí Ọlọ́run mú èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì.

Típà Nùrẹ́nì ló gbé wọn lọ. Jàfárù wọ bùbá tó fi áyọ́ọ̀nù lọ dáadáa, ó há báàgì kan mọ́ abíyá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Mọ̀dínátù rò pé oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀.

Eré fífo igi ló kọ́kọ́ wáyé. Ọmọ Ìkẹjà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Esther, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, bàtà eléré tó wọ̀ wá láti Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo èèyàn ló sì ti ń pè é ní ẹni tí wọ́n máa mú. Bí wọ́n ṣe yìnbọn, Esther ti lọ. Mọ̀dínátù rí ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú, ó bá kánjú. Ẹ gbọ́, ta ni ìkánjú ti ṣe lóore rí? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ igi, igi gbé e ṣubú, ó sì fi gbogbo ẹ̀yìn balẹ̀ gbàà lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ó dìde, ó sáré dé òpin, òun ló gbẹ̀yìn.

Ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù lọ́wọ́ ni ariwo ẹ̀rín sọ láàárín àwọn tó ń wòran. Ó gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ ló ń ti ẹ̀gbẹ́ pápá bọ̀, ó ń gba àárín pápá kọjá gbọnrangandan, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Báàgì ti ṣófo. Kíjìpá ìsàlẹ̀ àpótí ló nà sọ́wọ́ méjèèjì.

Mọ̀dínátù dá aṣọ náà mọ̀. Yéè, ó pa mí! ló wí nínú ara rẹ̀.

"Àtọ́kẹ́," Jàfárù pe oríkì rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, "wá, jẹ́ ká máa lọlé."

"Bàbá, kò tíì tán."

"Ó ti tán. Ẹ̀yìn rẹ kanlẹ̀, mo rí i, gbogbo ayé rí i. Jẹ́ kí n bò ọ́ kí wọ́n tó dá orin sílẹ̀."

"Wọn ò ní í kọrin kankan! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá fi orí pápá yìí sílẹ̀, wọ́n á fagi lé orúkọ mi, ó parí nìyẹn!"

"Ṣé o rò pé ìkà ni mo fẹ́ ṣe ọ́ ni? Bàbá tèmi náà ṣe é fún mi."

Ká ní ó ń bínú ni, ì bá rọrùn fún Mọ̀dínátù. Ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú bàbá rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi mú aṣọ náà wá, ìfẹ́ náà ló sì fẹ́ fi ba ayé òun jẹ́. Ó kúnlẹ̀ sórí koríko, ó di etí kíjìpá náà mú kí bàbá má baà lè gbé e sókè.

"Bàbá mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọ̀kan nìyẹn. Ó ku mẹ́rin."

"Mẹ́rin kí ni? Ta ló ń jà lẹ́yìn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kanlẹ̀? Irú eré wo nìyẹn?"

Ìgbà yẹn ni Tíṣà Abraham sáré dé, èémí ń já lẹ́nu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Jàfárù ná, èyí tó bọ́gbọ́n mu, nítorí èèyàn kì í fi ìdúró bá bàbá tó gbé aṣọ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Eré yìí kì í ṣe tàná. Àwọn ará Gíríìkì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó bí Jésù pàápàá. Wọ́n á sáré, wọ́n á fò, wọ́n á ju àwo irin, wọ́n á ju ọ̀kọ̀. Ẹ wá mọ èyí tí wọ́n fi ń kádìí rẹ̀, sà? Ìjàkadì ni."

Jàfárù yíjú sí i. "Ìjàkadì?"

"Ìjàkadì gan-an. Ìgbà tó yá ni àwọn òyìnbó òde òní tún un tò, wọ́n fún ọkùnrin ní mẹ́wàá, wọ́n fún obìnrin ní márùn-ún."

"Ẹni tó bá ṣubú nínú èyí àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Á dìde, á lọ ṣe èyí tó kù. Wọ́n lè fìyà jẹ ọ́ nínú ọ̀kan, kí o sì gbé gbogbo rẹ̀ lọlé. Ohun tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ nìyẹn."

Jàfárù wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Àwọn Gíríìkì yẹn, wọn kì í da aṣọ bo ẹni tó ṣubú?"

"Aṣọ kẹ̀, sà? Ìhòhò ni wọ́n tilẹ̀ fi ń ṣeré tiwọn."

"Sùbúhánàlláhì!" Jàfárù fò sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín láìmọ̀gbà, alákòóso tó ti ń bọ̀ wá lé e kúrò lórí pápá náà kò lè di tiẹ̀ mọ́ra. Bó ṣe rẹ́rìn-ín tán ni ojú rẹ̀ tún le. "Ó dáa. Etí pápá níbí ni mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n aṣọ yìí kò padà sínú báàgì o. Bí o bá tún ṣubú, n kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́." Ó jókòó sórí koríko, ó ká kíjìpá lé orúnkún.

Ìwọ náà gbìyànjú kí o ju irin nígbà tí bàbá rẹ ká aṣọ ìtìjú lé orúnkún tó ń wò ọ́! Inú ń bí Mọ̀dínátù, àmọ́ ìbínú dára lọ́jọ́ mìíràn. Irin tí àwọn yòókù ń gbé tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ, Mọ̀dínátù gbé e bí ìdajì búlọ́ọ̀kù, ó jù ú, ó sì bọ́ sílẹ̀ kọjá ibi tí gbogbo tiwọn dé. Òun ló gba ipò kìíní. Jàfárù kò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó na ọrùn.

Nígbà tó kan fífò sókè, Esther gbẹ̀san. Ó gùn, kí la fẹ́ ṣe sí i? Mọ̀dínátù ṣe ipò kejì, lẹ́yìn tó ti fi ìdí gba igi tí wọ́n ń fò kọjá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, tí Jàfárù ti dìde dúró tòun taṣọ. "Tìmùtìmù ni mo ṣubú lé, Bàbá, ó wà nínú eré!" ló ń pariwo látorí tìmùtìmù. Jàfárù kùn hùn, ó tún jókòó.

Fífò jìnnà ló tẹ̀ lé e. Yanrìn ni wọ́n dà síbẹ̀, funfun, tó kúnná, irú èyí tí Nùrẹ́nì ń já sí iwájú ilé wọn. Mọ̀dínátù rí i, ara rẹ̀ yá gágá. Ó sáré, ó tẹ pákó, ó fò, ó sì balẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó tíì tẹ̀ láti àárọ̀. Nùrẹ́nì tó wà lórí típà rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà fọn fèrè ọkọ̀ títí wọ́n fi ní kó sinmi.

Tíṣà ro máàkì, ó tún un rò. "Esther ṣì wà níwájú," ó wí. "Igi tó gbé ẹ ṣubú yẹn jẹ máàkì rẹ púpọ̀. Nínú eré tó kù yìí, kì í ṣe kí o kàn ṣíwájú rẹ̀. Wàá jìnnà sí i. Bí o bá dé òpin, kó jẹ́ pé ìdí igi máńgòrò yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Mọ̀dínátù wo igi máńgòrò náà lẹ́bàá pápá. Ó jìnnà o.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀. Títí di ọdún tó ṣáájú, igba mítà ni wọ́n fi ń parí Eré Márààrún, eré àwọn asáré-bí-ọta bíi Esther. Lọ́dún náà gan-an ni àwọn aláṣẹ eré lágbàáyé yọ ọ́, tí wọ́n fi ẹgbẹ̀rin mítà sí i. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin yòókù ló ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹní ń bẹ̀rù oògùn kíkorò. Mọ̀dínátù tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkọ̀tún lọ sí odò Ìgàndó, tí á ru omi bọ̀ nígbà tí kànga bá gbẹ, ta ni yóò fi ọ̀nà jíjìn dẹ́rù bà á?

Wọ́n yìnbọn. Esther tún bọ́ síwájú, ó ń sá a bí igba mítà. Mọ̀dínátù rántí igi àárọ̀, kò kánjú. Wọ́n yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, Esther ṣì jìnnà níwájú, àwọn ará Ìkẹjà ti ń jó. Ìgbà tí wọ́n bọ́ sí ìkejì ni èjìká Esther bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè. Ẹni tó bá ti ru omi rí mọ èjìká tó rẹ̀. Mọ̀dínátù tẹ̀ lé e, ó bá a, ó kọjá lára rẹ̀. Ariwo ta. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ẹ̀yìn tó fi balẹ̀ láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, itan rẹ̀ wúwo bí sìmẹ́ǹtì tó ti ń gan. Ó ti ṣíwájú, ó tó o. Kí ló tún kù? Ẹsẹ̀ rẹ̀ fà.

"Àtọ́kẹ́!"

Bàbá rẹ̀ ni. Ó ti dìde ní kọ́nà tó kẹ́yìn, fìlà ti bọ́, kíjìpá ti já bọ́ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò sì mọ̀.

"Àtọ́kẹ́ ọmọ Jàfárù! Àtọ́kẹ́ agbé-búlọ́ọ̀kù-má-mira! Dìde! Mo ní o dìde!"

Ọmọ tó ń sáré lójú ọ̀nà ló ń sọ fún pé kó dìde! Ta ló wà nílẹ̀? Mọ̀dínátù kò ráyè bèèrè. Orí rẹ̀ wú. Láàárọ̀ kùtù nìkan ni bàbá rẹ̀ máa ń pe oríkì yẹn, ní jẹ́jẹ́, kò pè é fún gbogbo ayé gbọ́ rí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ gìrìgìrì, kò gbúròó ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn. Ó kọjá òpin, ó ṣubú lé orúnkún, ó yíjú padà. Esther ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìdí igi máńgòrò bọ̀.

Wọ́n rò ó, wọ́n tún un rò, oòrùn ń jó gbogbo èèyàn. Nígbà tó yá ni ohùn jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n pe ẹni kẹta. Wọ́n pe Esther, ẹni kejì. Mọ̀dínátù kò gbọ́ orúkọ tara rẹ̀ dé ìdajì, nítorí Tíṣà Abraham ti ń pariwo "Halelúyà!" sí i létí, fèrè típà ti gba ìgboro kan, bàbá rẹ̀ sì ti gbé e sọ sókè bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ṣubú láàárọ̀, òun ló sì borí! Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ èyí tí yóò ṣe nínú ẹkún àti ẹ̀rín, ó bá ń ṣe méjèèjì.

Esther wà nílẹ̀ gbalaja lórí koríko, ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Jàfárù rí i. Èèyàn dáadáa ni Jàfárù, ṣùgbọ́n àṣà kì í kú lọ́jọ́ kan: ó lọ ṣa kíjìpá nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó ń lọ sọ́dọ̀ Esther. Mọ̀dínátù dí i lọ́nà.

"Bàbá, wọn kì í da aṣọ bo ẹnikẹ́ni níbí."

Ó na ọwọ́ sí Esther, ó fà á dìde. Àwọn ọmọbìnrin yòókù dara pọ̀ mọ́ wọn, gbogbo wọn tó ṣe márààrún tán, tí eruku bò tí òógùn wẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì rìn yí pápá náà ká. Àwọn èèyàn dìde fún gbogbo wọn. Jàfárù dúró tòun taṣọ, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi yí i dé.

Nínú típà, ó ku díẹ̀ kí wọ́n délé ni Jàfárù ká kíjìpá lé orúnkún. Ó wá ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mọ̀dínátù, mi ò tíì dàgbà nígbà tí mo ti ń wo ẹ̀yìn. Ó dùn mí." Mọ̀dínátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nùrẹ́nì tó di sitíà mú ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ohun tí kò ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ahọ́n Nùrẹ́nì ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé, tí àwọn aládùúgbò ti ń rọ́ bọ̀ wá yọ̀ mọ́ wọn, ó na ara, ó ní, "Jàfárù, báwo lẹ̀yìn?"

Gbogbo èèyàn retí ẹ̀rín àtijọ́ yẹn. Kò wá. Jàfárù bọ́ bùbá rẹ̀, ó gbé e lé Mọ̀dínátù lọ́wọ́, ó gbé kíjìpá lé e lórí. Ó gun òkìtì yanrìn lọ, ikùn rẹ̀ ti yọ díẹ̀, irun àyà rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n àyà náà ṣì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

"Ọ̀kan nìyẹn, Nùrẹ́nì," ó wí. "Ó ku mẹ́rin. Bọ́ síbí."

"Orí ẹ dàrú ni? Àgbàlagbà bíi tiwa?"

"Bọ́ síbí!"

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín títí, ó bọ́ ẹ̀wù, ó gorí yanrìn. Wọ́n dìmọ́ra. Wọ́n mí bí akọ màlúù, yanrìn ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àwọn obìnrin ń kígbe pé kí wọ́n má pa ara wọn. Nùrẹ́nì tún na ẹsẹ̀ ìjọ́sí yẹn jáde láti kọ́ ọ. Jàfárù ti ń retí ẹsẹ̀ yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́, ó gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbàdí mú, ó gbé e, gbìì! Ẹ̀yìn Nùrẹ́nì wọ yanrìn tí òun fúnra rẹ̀ já.

Igbe ayọ̀ gba Ìkọ̀tún. Mọ̀dínátù fò sókè ju bó ṣe fò lórí pápá lọ. Jàfárù dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó wá na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó gba kíjìpá, ó sì rọra tẹ̀ ba láti da á bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí.

Nùrẹ́nì gbá aṣọ náà dànù.

"Gbé àkísà ẹ kúrò lójú mi jàre!" ó wí, ó ń tu yanrìn lẹ́nu, ó sì ti ń wá ọ̀nà àtidìde. "Ọ̀kan-ọ̀kan la wà. Ó ku mẹ́ta!"